Orúkọ abẹ́ àwo: Àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ fún àwo ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìrísí tuntun

Bí ẹ bá dojú àwo tánńganran dé, ẹ ó rí àmì kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sí i lábẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni ẹ ó bá níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìlú tàbí ti orílẹ̀-èdè. Orúkọ ẹni tó jókòó tó ronú bí etí ife náà yóò ṣe gba ìka ọwọ́, àti bí ìkòkò tíì kò ṣe ní í máa kán sórí aṣọ tábìlì, kì í sábà sí níbẹ̀. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí jẹ́ ti àwọn obìnrin mélòó kan tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Yúróòpù láàárín ọdún 1896 sí 1906, tí wọ́n gba irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ọ̀hún kò tíì ní orúkọ gidi. Ọ̀kan nínú wọn pàdánù ilé-iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀yà rẹ̀, wọ́n lé òmíràn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti ẹnì kan mọ́ ẹ̀wọ̀n. Àwọn àwo tí wọ́n ṣe kò parun. Ta ni àwọn àwo náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló di àríyànjiyàn.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, nítorí ó yàtọ̀ sí ti àwọn ìyá amọ̀kòkò wa. Ní Ìlọrin tàbí ní Ìpetumodù, ẹni tó po amọ̀ náà ló ń mọ ọ́n, òun kan náà ló ń sun ún, òun tàbí ọmọ rẹ̀ ló sì ń rù ú lọ sọ́jà. Ìkòkò méjì kì í rí bákan náà tán, kò sì sí ẹni tó ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n ti pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà púpọ̀. Ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ pinnu ìrísí ife náà lórí ìwé. Ẹlòmíràn yóò gbẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀ pẹ̀lú ẹfun pílásítà, ara àpẹẹrẹ yẹn ni wọn yóò sì ti mú mọ́dù jáde. Inú mọ́dù yìí ni wọn yóò da amọ̀ tó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu sí. Pílásítà yóò fa omi inú amọ̀ mu, amọ̀ yóò dì mọ́ ara mọ́dù bí èèpo, wọn yóò da ìyókù jáde, wọn yóò sì yọ ife. Ní ti àwọn àwo pẹrẹsẹ, orí mọ́dù tó ń yí ni wọ́n ti ń fi irin tẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò kó wọn sínú ìléru, tí wọn yóò sì fi èròjà tí iná ń sọ di dídán bíi gíláàsì bo ara wọn.

Amọ̀ máa ń sún kì nínú iná. Nítorí náà, ẹni tó ń ya àwòrán gbọ́dọ̀ ya á tóbi ju bí yóò ṣe rí nígbẹ̀yìn lọ, kó sì mọ ibi tó ṣeé ṣe kó ti wọ́. Bí amọ̀kòkò bá ṣe àṣìṣe, ìkòkò kan ló bàjẹ́. Bí ẹni tó ń ya àwòrán fún ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ bá ṣe àṣìṣe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ife ni etí rẹ̀ yóò máa jó àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Ẹni yìí ni wọ́n wá ń pè ní dìsáìnà.

Títí di àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní, òdòdó, wúrà àti àwòrán ẹyẹ ló kún ojú àwo àwọn olówó ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn tí kò lówó sì ń ra àfarawé rẹ̀. Lẹ́yìn ogun náà ni àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́-ọnà kan dìde, tí wọ́n ní ẹwà ohun-èlò gbọ́dọ̀ ti inú ìrísí àti ìwúlò rẹ̀ wá, pé kí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ sì máa ṣe ohun tó dára ní iye tí òṣìṣẹ́ lè rà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé àwo funfun tí kò ní nǹkan kan lójú rọrùn láti ṣe ju olódòdó lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Òdòdó ń bo àbùkù: bí àmì dúdú kékeré kan bá jáde lára àwo, wọn yóò lẹ ewé mọ́ ọn. Àwo funfun lásán kò ní ibi tí yóò fi tirẹ̀ pamọ́ sí.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń darí obìnrin sídìí òfì

Ní ọdún 1919 ni Walter Gropius dá ilé-ẹ̀kọ́ Bauhaus sílẹ̀ ní ìlú Weimar, ní Jámánì. Ó kéde pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin níbẹ̀. Àwọn obìnrin gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, wọ́n sì rọ́ dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tó àwọn ọkùnrin ní iye. Ẹ̀rù ba àwọn olùdarí pé aráyé kò ní ka ilé-ẹ̀kọ́ náà sí bí obìnrin bá pọ̀ tó báyìí. Láìpẹ́, ìdí òfì ni wọ́n ń darí àwọn obìnrin sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n bá wá. Iṣẹ́ amọ̀ wà ní Dornburg, abúlé kan tó jìnnà díẹ̀ sí Weimar, Gerhard Marcks tó ń darí rẹ̀ kò sì fẹ́ obìnrin níbẹ̀ rárá. A rò pé ìyẹn jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ilẹ̀ Yorùbá wá, níbi tí ìkòkò mímọ ti jẹ́ iṣẹ́ àwọn ìyá láti ayébáyé.

Àwọn obìnrin díẹ̀ ṣáà wọlé. Marguerite Friedlaender, tí wọ́n bí ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1896, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Dornburg, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí ọ̀gá amọ̀kòkò, ohun tí obìnrin kankan kò tíì gbà rí ní Jámánì. Ó di olórí ẹ̀ka iṣẹ́ amọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ Burg Giebichenstein ní ìlú Halle. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán fún KPM, ilé-iṣẹ́ tánńganran tó ti wà ní Berlin láti ayé àwọn ọba Prussia. Àwo tíì àti kọfí tó ṣe fún wọn ní nǹkan bí ọdún 1930, èyí tí wọ́n pè ní Hallesche Form, jẹ́ funfun, ó ní ara tó tẹ̀ wọ́ọ́rọ́, kò sì ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan. Ní KPM yìí kan náà, Trude Petri, ọ̀dọ́mọbìnrin láti Hamburg, ya Urbino ní ọdún 1931. Ìrísí rẹ̀ kò ju róbótó lọ, ó sì wà lára àwọn àwo tí ilé-iṣẹ́ náà ń fi yangàn jù.

Hitler gorí àlééfà ní oṣù kìíní ọdún 1933. Júù ni Friedlaender. Ọdún yẹn náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Halle. Ó sá lọ sí ilẹ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì, nígbà tó sì di 1940, ó kọjá sí Amẹ́ríkà. Ó tẹ̀dó sí oko kan tí wọ́n ń pè ní Pond Farm, ní California, orúkọ Wildenhain tó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ ló sì wá ń jẹ́. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé kò padà sídìí ẹ̀rọ mọ́. Ọwọ́ ló fi ń mọ ìkòkò lórí àgbá tó ń yí, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì jẹ́ olùkọ́ tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó kú ní ọdún 1985.

H àti L

Margarete Heymann tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Cologne ni wọ́n bí i sí ní 1899. Ó dé Bauhaus ní ọdún 1920, ó jà títí wọ́n fi jẹ́ kó lọ sídìí amọ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀. Ní 1921 ló kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, òun, Gustav Loebenstein ọkọ rẹ̀, àti Daniel àbúrò ọkọ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Marwitz, lẹ́bàá Berlin, níbi tí amọ̀ wà lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n sọ ọ́ ní Haël. Bí àwọn ará Jámánì bá ń pe lẹ́tà H àti L, bí ó ṣe ń dún létí nìyẹn: Heymann àti Loebenstein.

Gustav àti Daniel ń mójú tó owó, Margarete ló ń ya gbogbo ìrísí. Àwọn tó ti rí iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbàgbé rẹ̀. Etí àwọn ife tíì rẹ̀ kan kì í ṣe òrùka tí ìka ń kọjá láàárín rẹ̀ bí a ti mọ̀ ọ́n. Pẹlẹbẹ róbótó ni, bí owó fàdákà ńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ife. Ó ṣeé ṣe kó má rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti dì mú, ṣùgbọ́n ojú kì í fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ó máa ń kun àwọn kan ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Lára àwọn mìíràn, ọ̀dà á máa sáré kiri bí ìgbà tí ọmọdé bá gba bíróòṣì. Àwọn ilé ìtajà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń rà á.

Ní ọdún 1928, àwọn ọkùnrin méjèèjì ń lọ síbi ọjà àgbáyé ní Leipzig nígbà tí ọkọ̀ wọn ní ìjàǹbá. Àwọn méjèèjì kú. Margarete kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, ọmọ ọwọ́ wà níwájú rẹ̀, òṣìṣẹ́ tó tó nǹkan bí 120 sì ń retí owó oṣù. Kò ta ilé-iṣẹ́ náà. Ó ń darí rẹ̀ lọ, ó tún ń ya àwòrán, ó sì la àsìkò ìfàsẹ́yìn ọrọ̀-ajé tó gbẹ̀yìn 1929 kọjá, èyí tó pa ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ju tirẹ̀ lọ.

Ohun tí ìfàsẹ́yìn ọrọ̀-ajé kò lè ṣe ni ìjọba Hitler ṣe. Ní 1933 ló ti ilẹ̀kùn. Ní 1934, ó tà á fún Heinrich Schild, ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ Násì, ní máàkì 45,000, iye tó kéré púpọ̀ sí ohun tí ilé, ìléru, mọ́dù àti ọjà inú rẹ̀ tó. Schild gbé ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Hedwig Bollhagen, síbẹ̀ láti máa darí iṣẹ́ ọnà. Lẹ́tà abẹ́ àwo yí padà láti Haël sí HB.

Ní ọdún 1935, ìwé ìròyìn Der Angriff, tí Goebbels dá sílẹ̀, tẹ àwòrán àwọn àwo Heymann sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bollhagen. Ti Heymann ni wọ́n pè ní ohun tí ó yẹ kó wà nínú yàrá ẹ̀rù, ìbàjẹ́ tí Júù ṣe; ti Bollhagen ni wọ́n pè ní iṣẹ́ gidi, tó mọ́, tó jẹ́ ti ọmọ Jámánì. Wọn kò sọ fún òǹkàwé pé ilé-iṣẹ́ náà ṣì ń lo lára àwọn mọ́dù Heymann láti fi ṣe ọjà tuntun, tí wọ́n kàn ń yí ọ̀dà ojú rẹ̀ padà.

Bollhagen kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Oníṣẹ́-ọnà gidi ni, Marwitz yìí náà ló sì ti ṣiṣẹ́ di arúgbó, lábẹ́ Hitler, lábẹ́ ìjọba àwọn Kọ́múníìsì tó gba ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1972, àti lẹ́yìn tí Jámánì tún di ọ̀kan, títí tó fi kú ní 2001. Nígbà tí wọ́n ń gbèrò láti yà á sọ́tọ̀ nínú ilé ìṣàfihàn tirẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìtàn dìde, tí wọ́n ní kí wọ́n sọ ti obìnrin tó ni ilé-iṣẹ́ náà kí òun tó dé. Ní tiwa, a kò rí ẹni tó jẹ̀bi nínú kí ènìyàn lo mọ́dù tó bá nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹni tó gbẹ́ mọ́dù yẹn, tó sì lo nǹkan bí àádọ́rin ọdún nínú ilé náà, ní àǹfààní púpọ̀ láti dárúkọ rẹ̀.

Heymann sá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1936. Ó lọ sí Stoke-on-Trent, níbi tí èéfín ìléru ti ń bo ojú ọ̀run nígbà náà, torí pé ibẹ̀ ni olú-ìlú àwo ṣíṣe ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ó kọ́ni níbẹ̀, ó ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Minton, ó sì dá èyí tó ń jẹ́ Greta Pottery sílẹ̀ ní 1938. Kò gbà á tọkàntọkàn. Òdòdó ni àwọn ará ibẹ̀ ṣì fẹ́, ogun sì dé. Lẹ́yìn ogun, ó di ayàwòrán àti amọ̀kòkò nínú yàrá ara rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ ọkọ rẹ̀ kejì, Marks, ló sì ń jẹ́. Ó kú ní ọdún 1990. Ó tó 2012 kí Milwaukee Art Museum ní Amẹ́ríkà tó kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ sójú kan nínú ìfihàn tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Susie Cooper

Ní Stoke-on-Trent tí Heymann dé yìí, obìnrin kan ti ń ṣe ohun tí Marwitz gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Susie Cooper sí ní 1902, ní Burslem. Ó fẹ́ wọ Royal College of Art, wọ́n ní àfi ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ló lè gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà. Nítorí èyí ló ṣe gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Gray ní 1922, níbi tí wọ́n ti ń kun àwo tí ẹlòmíràn mọ. Kò padà lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́. Láìpẹ́, wọ́n ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ àwo, nítorí wọ́n rí i pé orúkọ náà ń tajà.

Ṣùgbọ́n kíkun ìrísí tí ẹlòmíràn ti pinnu kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní 1929, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ìkòkò tíì Kestrel tó jáde ní 1932 ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù: ara rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹyẹ tó ba, imú rẹ̀ sì ń dá omi dúró láìkán. Nínú àwo ọbẹ̀ tó bá a rìn, bí ẹ bá ṣí ọmọrí, tí ẹ sì yí i dojú sókè, ó di àwo kejì. Obìnrin tó ti fọ abọ́ rí ló lè ronú irú rẹ̀. Àwọn tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn, tí ilé wọn kéré, tí owó wọn kò pọ̀, ni ó ń ṣe é fún. Ní ọdún 1940, wọ́n fún un ní oyè Royal Designer for Industry, ó sì jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tí oyè náà ti ìdí iṣẹ́ amọ̀ bá. Wedgwood ló ra ilé-iṣẹ́ náà gbẹ̀yìn, ní 1966. Cooper kú ní 1995, ìfọwọ́sí rẹ̀ sì wà lábẹ́ àwọn àwo náà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè ìdí tí a kò fi sọ ti Clarice Cliff, tí òun náà jẹ́ ọmọ ibẹ̀, tí àwo aláwọ̀ mèremère rẹ̀ ń pa owó ńlá níbi gbàǹjo lónìí. Oníṣòwò tó mọ ojú ọjà ni, ó sì yẹ ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀nà tó tọ̀ kì í ṣe èyí tí a ń sọ.

Éva, láti Budapest dé ẹ̀wọ̀n

Éva Striker ni ó kéré jù nínú wọn, òun ló sì pẹ́ láyé jù. Ọjọ́ 13, oṣù kọkànlá, ọdún 1906 ni wọ́n bí i ní Budapest, olú-ìlú Hungary. Ilé ìwé ni ilé wọn: Laura Polanyi ìyá rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ ìtàn tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nígbà tí obìnrin kì í gbà á, Karl Polanyi, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, àti Michael Polanyi, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àwòrán kíkùn ní ọmọ ọdún 17, ó sì fi í sílẹ̀ láti lọ kọ́ iṣẹ́ tí yóò máa bọ́ ọ. Ó di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ amọ̀kòkò kan tó wà nínú ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ àtijọ́, ẹgbẹ́ kan náà tó kó àwọn tó ń ro ṣímínì, àwọn tó ń kan òrùlé, àwọn agbẹ́kànga àti àwọn amọ̀kòkò pọ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe fìrídọ́ọ̀mù nínú rẹ̀.

Ní 1928, ó gba iṣẹ́ ní Schramberg, ní gúúsù Jámánì. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti fi ń ṣe gbogbo nǹkan tẹ́lẹ̀. Níbí, ó di dandan kí ó ya á sórí ìwé lọ́nà tí ẹlòmíràn yóò fi rí i kà, tí yóò sì ṣe é láìbi í léèrè. Ó fi rúlà àti kọ́ńpáàsì kọ́ ara rẹ̀. Nǹkan bí 200 ohun-èlò ló yà láàárín ọdún méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn onígun àti olóbìrìkìtì bí àṣà ìgbà náà. Lẹ́yìn Schramberg ló lọ sí Berlin.

Ní 1932 ló lọ sí ilẹ̀ Sófíẹ̀tì láti lọ bá Alexander Weissberg, onímọ̀ físíìsì tó fẹ́ fẹ́, ó sì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ń dúró dè é. Ilẹ̀ tó fẹ́ fi àwo kan náà bọ́ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn nílò ẹni tó mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Lomonosov ní Leningrad, tó ti jẹ́ ti àwọn ọba Rọ́ṣíà tẹ́lẹ̀, àti ní Dulevo lẹ́bàá Moscow. Nígbà tó fi di 1935, òun ni olùdarí iṣẹ́ ọnà fún gbogbo ilé-iṣẹ́ tánńganran àti gíláàsì ibẹ̀. Kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1936, àwọn ọlọ́pàá abẹ́nú wá mú un. Wọ́n ní ó wà lára àwọn tó fẹ́ pa Stalin. Oṣù 16 ló lò nínú ẹ̀wọ̀n, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nínú yàrá àdágbé. Kí orí rẹ̀ má baà dàrú, ó ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú ara rẹ̀ láìsí pátákó, ó sì ń ya àwòrán nínú ọkàn láìsí ìwé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1937, wọ́n mú un jáde. Ó rò pé ikú ni wọ́n ń mú òun lọ bá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n gbé e sí, tó gbé e dé Ọ́stríà. Arthur Koestler, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì lo lára rẹ̀ nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Darkness at Noon, tó jáde ní 1940.

Ìsinmi náà kò pẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1938, àwọn ọmọ ogun Hitler wọ Vienna. Júù ni Éva náà. Ó tún sá. Ó fẹ́ Hans Zeisel, agbẹjọ́rò, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn méjèèjì sì gúnlẹ̀ sí New York ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn pẹ̀lú dọ́là 64 lọ́wọ́.

Àwo funfun ti New York

Láti 1939 ló ti ń kọ́ni ní Pratt Institute, ní Brooklyn. Ohun tó kọ́ wọn níbẹ̀ ṣàjèjì sí Amẹ́ríkà: ó ní amọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan, pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ya ohun tí ilé-iṣẹ́ yóò ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó ń kó wọn lọ wo ilé-iṣẹ́, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe mọ́dù.

Ní 1942, ilé-iṣẹ́ Castleton China ní Pennsylvania tọ Museum of Modern Art ní New York lọ, wọ́n ń wá ẹni tó lè ṣe àwo oúnjẹ ìgbàlódé tó tún yẹ fún àsè. Eliot Noyes tó wà níbẹ̀ dárúkọ Zeisel. Iṣẹ́ náà le: Castleton ni yóò náwó sí i, ilé ìṣàfihàn ni yóò fọwọ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ó ṣe é ní funfun. Àwọn àwo náà nípọn nísàlẹ̀, wọ́n sì ń fẹ́lẹ́ lọ títí dé etí, débi pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá. Ìkòkò kọfí rẹ̀ dìde láti orí tábìlì bí ohun tó hù níbẹ̀. Ogun kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é jáde kíá. Ní 1946 ni ìfihàn rẹ̀ tó wáyé, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ tí ilé ìṣàfihàn náà ṣe fún obìnrin kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn èyí, ìrísí onígun ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Àwọn àwo Town and Country tó ṣe fún Red Wing, ní Minnesota, wọ́, wọn kò dọ́gba ní ìhà méjì, oríṣiríṣi àwọ̀ ni wọ́n sì kun wọ́n kí oníbàárà lè dà wọ́n pọ̀ bó ṣe wù ú. Ìgò iyọ̀ àti ti ata rẹ̀ dì mọ́ra: ọ̀kan ga, ó tẹ̀ síwájú, ìkejì kéré, ó fara ti èkíní. Ìyá àti ọmọ ni ẹnikẹ́ni tó bá rí i yóò pè é. Ẹ fi èyí wé ohun tí àwọn ọkùnrin Bauhaus ń kọ́ni, pé kọ́ńpáàsì ló ni gbogbo ọ̀rọ̀. Zeisel lo kọ́ńpáàsì náà, ó mọ̀ ọ́n lò, ó sì gbé e sílẹ̀, nítorí ó gbà pé ohun-èlò gbọ́dọ̀ ní ìyọ́nú sí ẹni tó ń lò ó. Ní ojú tiwa, ibí yìí gan-an ni òye rẹ̀ ga jù. Ní 1952 ni Tomorrow's Classic jáde láti ilé-iṣẹ́ Hall, ní Ohio, ó sì tà wàràwàrà nínú ilé àwọn ará Amẹ́ríkà tí kò mọ nǹkan kan nípa Museum of Modern Art.

Ní àwọn ọdún 1960, ọjà yí padà, Zeisel sì jókòó ti ìwádìí ìtàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó padà sídìí amọ̀ ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn ilé ìṣàfihàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì nígbà ogbó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń wo ìrísí: ó ń fọwọ́ tọ ara pílásítà, ó sì ń sọ ibi tí wọn yóò ti gbẹ́ ẹ. Ní 2005, ilé ìtajà Crate & Barrel tún gbé lára àwọn àwo tó ṣe fún Hall jáde, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ polówó ọjà. Ó kú ní ọjọ́ 30, oṣù kejìlá, ọdún 2011, ní ẹni ọdún 105.

Ní ọdún 2000, nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ó padà sí ìlú tí wọ́n ń pè ní Leningrad nígbà tí ó ń gbé ibẹ̀, tó ti padà di St. Petersburg. Ó wọ ilé-iṣẹ́ Lomonosov lẹ́yìn ọdún 64 tí wọ́n ti mú un lọ sẹ́wọ̀n, ó sì tún ya àwo tíì tuntun fún wọn.